Okùn Inú Ìgboro: Ohun Tó Yẹ Kí Ẹni Tó Ń Lọ Wo Kánífà Báhíà Mọ̀

Gúgúrú ni wọ́n kọ́kọ́ fọ́n.

Alẹ́ Àbámẹ́ta kánífà ni, lórí òkè Curuzu, àdúgbò Liberdade, nílùú Salvador tí í ṣe olú-ìlú ìpínlẹ̀ Báhíà ní Bràsíl. Èrò pọ̀ débi pé bí wọ́n bá ju abẹ́rẹ́ sókè, kò ní rí ilẹ̀ balẹ̀ sí. Àwọn ìyálórìṣà yọ sí ẹnu ọ̀nà ilé òrìṣà Ilê Axé Jitolu, funfun ni wọ́n wọ̀ látòkè délẹ̀. Wọ́n ń bu gúgúrú, wọ́n ń fọ́n ọn lé àwọn èèyàn lórí. Oúnjẹ Ọbalúayé ni. Wọ́n fi ń bẹ̀ ẹ́ kí àrùn àti ìjà má bàa wọ inú ijó. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tú ẹyẹlé funfun sílẹ̀, ẹyẹ gba orí òrùlé lọ, ariwo sì sọ.

Ìgbà náà ni ìlù bẹ̀rẹ̀. Àwọn onílù wọ pupa, ìyeyè, dúdú àti funfun, àwọ̀ ẹgbẹ́ Ilê Aiyê. Àwọn ìlù ńlá tí wọ́n so mọ́ ìbàdí ń dún wìnnìwìnnì nísàlẹ̀, àwọn kéékèèké ń fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ dá wọn lóhùn lókè. Omidan tí wọ́n fi jẹ oyè arẹwà ọdún náà na ọwọ́ méjèèjì, ó ń fi èjìká jó, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì kánjú.

Arábìnrin kan, ọmọ Mushin tó ń gbé ní London, wà láàárín èrò náà. Ó ní: "Ọdọọdún ni mò ń lọ sí kánífà Notting Hill. Mo rò pé mo ti mọ ohun tó ń jẹ́ kánífà. Ìgbà tí màmá àgbàlagbà kan ní ẹ̀gbẹ́ mi ké 'Atótó!' nígbà tí wọ́n ń fọ́n gúgúrú, ṣe ni orí mi wú. Kò gbọ́ Yorùbá kankan yàtọ̀ sí ti òrìṣà o, ṣùgbọ́n ó mọ ẹni tó ń kí."

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wọ bàálù lọ sí Salvador fún kánífà kì í dé Curuzu rárá. Etí òkun ni wọ́n ń lọ, níbi tí ọkọ̀ olórin ti ń kọjá, tí wọ́n ti ra àyè sílẹ̀ nínú okùn. Kò burú. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó ń wò níláti mọ ìtàn okùn náà: ẹni tó wà nínú rẹ̀, ẹni tó wà lóde, àti ẹni tí wọ́n gbé e fún kó mú un dání.

Ọjọ́ mẹ́fà tí ìlú kì í sùn

Kàlẹ́ńdà ìjọ Àgùdà ló ń pinnu ọjọ́ kánífà, nítorí òun ló ṣáájú ààwẹ̀ Lẹ́ńtì. Ìṣẹ́gun tó kẹ́yìn rẹ̀ máa ń jẹ́ ọjọ́ 47 ṣáájú Ọdún Àjíǹde, ìdí nìyẹn tó fi ń sún síwá sún sẹ́yìn. Ní 2025, ó bọ́ sí ọjọ́ 4 oṣù Ẹrẹ́nà. Ní 2026, ọjọ́ 17 oṣù Èrèlé. Ní 2027, ọjọ́ 9 oṣù Èrèlé. Ní Salvador, Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú ni wọ́n ń gbé kọ́kọ́rọ́ ìlú lé Rei Momo lọ́wọ́, ọba ẹ̀fẹ̀ tí ìjọba rẹ̀ kì í pé ọ̀sẹ̀. Láti ìgbà náà, kò sí oorun títí di Ọjọ́rú Eérú.

Rio de Janeiro ló máa ń kọ́kọ́ sọ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn bí wọ́n bá gbọ́ kánífà Bràsíl. Ní Rio, ìdíje ni. Èrò á jókòó sí Sambódromo, pápá tí Oscar Niemeyer ya àwòrán rẹ̀ tí wọ́n ṣí ní 1984. Àwọn ẹgbẹ́ sáńbà á máa kọjá níwájú adájọ́, adájọ́ á máa fún wọn ní máàkì. Salvador kò ní pápá bẹ́ẹ̀. Ìgboro gan-an ni ojú agbo.

Ọ̀nà mẹ́ta ni eré náà ń gbà. Èkíní ni Campo Grande, láàárín ìlú. Èkejì ni Barra sí Ondina, tó tẹ̀lé etí òkun. Ẹ̀kẹta ni Pelourinho, ìlú àtijọ́ tó wà lórí òkè, níbi tí òpópónà ti há, tí àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké ń fẹsẹ̀ rìn, tí àwọn arúgbó àti ọmọdé náà sì ń ráyè jó. Pelourinho yìí kan náà ni wọ́n ti ń na ẹrú ní gbangba nígbà ayé àwọn Potogí.

Ọkọ̀ olórin, èyí tí wọ́n ń pè ní trio elétrico, Salvador ni wọ́n ti dá a sílẹ̀. Ní 1950, ọ̀rẹ́ méjì, Dodô àti Osmar, gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sórí mọ́tò Ford ògbólógbòó kan, wọ́n ń ta gìtá aláriwo wọ ìgboro lọ, èrò sì ya tẹ̀lé wọn. Lónìí, tírélà ló kù, tó ga bí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tí olórin dúró sórí rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ní àyíká tírélà náà ni okùn wà. Ẹni tó bá ra ẹ̀wù ẹgbẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní abadá, ló ń wọ inú okùn. Ẹni tówó rẹ̀ bá tún pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ á gun camarote, àtíbàbà alájà tí wọ́n kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, níbi tí oúnjẹ, ọtí àti ilé ìyàgbẹ́ tó mọ́ wà. Àwọn tí kò sanwó kankan wà lóde okùn, wọ́n ń fò sókè fò sílẹ̀. Pipoca ni wọ́n ń pe àwọn yẹn, ìyẹn gúgúrú.

Àwọn tí wọ́n lé kúrò ní títì

Okùn ọwọ́ jẹ́ ohun titun, ṣùgbọ́n èyí tí a kò fojú rí ti pẹ́.

Nǹkan bíi mílíọ̀nù 4.8 ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n kó dé Bràsíl ní oko ẹrú, Salvador sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn èbúté tó gba ènìyàn jù. Nígbà tí ìjọba Ọ̀yọ́ ń fọ́, tí ogun ń ja ilẹ̀ Yorùbá kiri, ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n mú ló bá ara wọn ní Báhíà, níbi tí wọ́n ti ń pè wọ́n ní Nàgó. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1835, àwọn Mùsùlùmí láàárín wọn ló ṣíwájú ọ̀tẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ọ̀tẹ̀ Malê. Ìjọba pa nínú wọn, ó na nínú wọn, ó sì kó nínú wọn padà sí Áfíríkà. Àwọn mìíràn fẹsẹ̀ ara wọn wọ ọkọ̀ padà wá sí Èkó, Àjàṣẹ́ àti Ouidah.

Ọjọ́ 13 oṣù Èbìbí 1888 ni wọ́n tó fòpin sí oko ẹrú ní Bràsíl. Ní àsìkò náà, kánífà ti kúrò ní eré ìpọnmi-síra-ẹni tí àwọn Potogí mú wá. Láti 1884, ẹgbẹ́ àwọn olówó ń wọ́ kẹ̀kẹ́ ẹ̀ṣọ́ kiri ìgboro, wọ́n ń ṣe bíi Paris àti Venice, àwọn aláwọ̀ dúdú sì ń wòran.

Àwọn tó ń wòran kò gbà. Ní 1895, ẹgbẹ́ Embaixada Africana jáde bí ikọ̀ ọba ilẹ̀ Áfíríkà. Kò pẹ́ tí Pândegos da África náà fi tẹ̀lé wọn pẹ̀lú ìlù àti orin òrìṣà. Nina Rodrigues, dókítà tó kọ̀wé nípa àwọn ọmọ Áfíríkà ní Báhíà, sọ nípa wọn nínú iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn ìwé ìròyìn bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé wọ́n ń sọ ìlú di ìgbẹ́, nígbà tó sì di 1905, ìjọba fòfin de ẹgbẹ́ tó bá múra bí ará Áfíríkà, tó ń lu ìlù wọn ní gbangba.

Olùkọ́ ìtàn kan ní yunifásítì nílùú náà ṣàlàyé rẹ̀ báyìí: "Kì í ṣe ijó ni wọ́n kórìíra. Ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù ni kí ẹni tó jẹ́ ẹrú lánàá gba àárín títì kọjá pẹ̀lú adé lórí."

Alábàárù èbúté tó di ọmọ Gandhi

Ní oṣù Èrèlé 1949, àwọn alábàárù tó ń já ẹrù ọkọ̀ ojú omi ní èbúté Salvador jókòó, owó kò sí lọ́wọ́, ìjọba sì ń ṣọ́ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wọn. Ọdún tó ṣáájú ni wọ́n pa Gandhi ní Íńdíà. Wọ́n pinnu láti jáde lórúkọ rẹ̀, ní àlàáfíà, kí ẹnikẹ́ni má bàa rí ẹ̀sùn kà sí wọn lẹ́sẹ̀. Aṣọ ìtẹ́bùsùn funfun ni wọ́n ró, táwẹ̀lì ni wọ́n fi wé láwàní. Wọ́n sọ ẹgbẹ́ náà ní Filhos de Gandhy, ìyẹn Àwọn Ọmọ Gandhi.

Orin òrìṣà ni wọ́n ń kọ, ijexá ni ìlù wọn, agogo ló sì ń ṣíwájú rẹ̀. Kí wọ́n tó jáde ní Pelourinho, wọ́n kọ́kọ́ ń ṣètùtù fún Èṣù, kí ọ̀nà lè là. Ìlẹ̀kẹ̀ funfun àti búlúù wà lọ́rùn wọn, lọ́fíńdà wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń wọ́n ọn sára èrò bí wọ́n ti ń lọ. Ọkùnrin nìkan ni ẹgbẹ́ náà ń gbà sínú ìwọ́de. Bó bá di ọ̀sán Àìkú, láwàní funfun á bo títì lọ bí ẹni da òwú sílẹ̀.

Ní àárín àwọn ọdún 1970, ẹgbẹ́ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Olórin Gilberto Gil ló dara pọ̀ mọ́ wọn tó sì kọ orin nípa wọn, èrò sì tún rọ́ wọlé. Gil yìí kan náà wà ní FESTAC ní Èkó ní 1977. Ohun tó rí níbẹ̀ ló gbé wọ àwo orin rẹ̀ *Refavela* tó jáde lọ́dún náà, tí orin kan nípa Ilê Aiyê sì wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ó di mínísítà àṣà fún Bràsíl.

Curuzu, 1974

Ìyálórìṣà kan ní Curuzu, Mãe Hilda Jitolu, ni ìyá Antônio Carlos dos Santos tí gbogbo ayé mọ̀ sí Vovô. Ní 1974, Vovô àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Apolônio dá Ilê Aiyê sílẹ̀, ẹgbẹ́ kánífà tí aláwọ̀ dúdú nìkan á máa wọ̀. Ìjọba ológun ló wà lórí oyè nígbà náà. Mãe Hilda kò jẹ́ kí wọ́n dá lọ. Ó ní bí ọlọ́pàá bá máa mú wọn, kí wọ́n mú òun náà mọ́ wọn.

Wọ́n jáde ní 1975. Ìwé ìròyìn kan nílùú náà bú wọn, ó ní ẹlẹ́yàmẹ̀yà ni wọ́n, pé wọ́n fẹ́ da ìlú rú. Àwọn èèyàn Liberdade kò dá a lóhùn. Wọ́n kàn ń ran aṣọ ọdún tó ń bọ̀ ni. Ọdọọdún ni ẹgbẹ́ náà ń yan orílẹ̀-èdè tàbí ìtàn àwọn aláwọ̀ dúdú kan, tí wọ́n á fi kọrin, tí wọ́n á sì yà sára aṣọ. Wọ́n tún ń yan arẹwà obìnrin dúdú lọ́dọọdún, Deusa do Ébano. Mãe Hilda kú ní 2009, ṣùgbọ́n gúgúrú àti ẹyẹlé kò dúró.

Àwọn mìíràn tẹ̀ lé wọn: Olodum àti Malê Debalê, méjèèjì ní 1979. Ọ̀gá onílù Olodum, Neguinho do Samba, da sáńbà pọ̀ mọ́ régè. Ìlù náà ni Paul Simon wá gbà sílẹ̀ fún àwo rẹ̀ tó jáde ní 1990, òun náà ni Michael Jackson jó sí ní Pelourinho ní 1996.

Onílù kan tó ti lé lógún ọdún nínú ẹgbẹ́ sọ pé: "Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, àwọn ọmọ kíláàsì mi ń fi irun mi ṣe yẹ̀yẹ́. Ní alẹ́ kánífà, irun yẹn náà ni gbogbo èèyàn fẹ́ yà ní fọ́tò."

Ta ló ń jẹ èrè ìlù?

Ìlù tó ti àdúgbò òtòṣì wá ti di òwò ńlá. Láti àwọn ọdún 1980 ni orin tí wọ́n ń pè ní axé ti gba orí tírélà. Abadá di ọjà, camarote di ọjà, okùn sì di odi. Bó ti rí nìyí: ẹni tó wà nínú okùn sábà máa ń jẹ́ aláwọ̀ funfun tàbí àlejò, ẹni tó wà lóde sábà máa ń jẹ́ dúdú, ẹni tó di okùn mú sì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa jẹ́ dúdú nígbà gbogbo.

Cordeiro ni wọ́n ń pe àwọn adìkùnmú wọ̀nyí. Ọ̀pọ̀ ló jẹ́ ọ̀dọ́ tí kò níṣẹ́, obìnrin sì pọ̀ láàárín wọn. Wọ́n á fún wọn ní ìbọ̀wọ́, omi àti bísíkíìtì, wọ́n á sì fi ọ̀pọ̀ wákàtí rìn pẹ̀lú tírélà, èrò ń tì wọ́n síhìn-ín, èrò ń tì wọ́n sọ́hùn-ún. Owó ojúmọ́ wọn kò tó nǹkan rárá sí iye tí ẹnì kan nínú okùn fi ra ẹ̀wù rẹ̀.

Ọ̀kan nínú wọn, ìyá ọlọ́mọ méjì, sọ ọ́ láìfi bò: "Mi ò bínú sí àwọn tó ń jó. Mo kàn fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé èmi ni mo mú ibi tí wọ́n ti ń jó dúró."

Nǹkan ti ń yí díẹ̀díẹ̀. Àwọn gbajúmọ̀ olórin kan ti ń gun tírélà aláìlókùn, kí gúgúrú lè jó lọ́fẹ̀ẹ́. Ìjọba ìpínlẹ̀ Báhíà náà ní ètò ìrànwọ́ fún àwọn ẹgbẹ́ aláwọ̀ dúdú, tí wọ́n ń pè ní Ouro Negro. Síbẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí ń ráhùn pé àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ń lo àwòrán àwọn nínú ìpolówó ọjà, ṣùgbọ́n tírélà ni wọ́n ń náwó lé.

Ọ̀rọ̀ òrìṣà náà ti di àríyànjiyàn. Ní òpin 2024, olórin ńlá kan tó ti di ọmọ ìjọ ajíyìnrere fi orúkọ Jésù rọ́pò orúkọ Yemọja nínú orin rẹ̀ kan tí gbogbo ìlú mọ̀. Inú bí àwọn onísìn òrìṣà, ọ̀rọ̀ náà sì dé ọ̀dọ̀ agbẹjọ́rò ìjọba. Ní Rio, ọ̀tọ̀ ni afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́: ní 2022, ẹgbẹ́ Grande Rio gbé Èṣù jáde, ó sì gba ife fún ìgbà àkọ́kọ́; ní 2024, Viradouro gbé Dàńgbé, ejò mímọ́ ilẹ̀ Dahomey, òun náà sì gba ife.

Bí wọ́n ṣe ń lọ

Ọmọ Nàìjíríà níláti gba físà, kó sì ní káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú. Ẹni tó bá fẹ́ lọ ní Èrèlé, kó tètè bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ń gba Addis Ababa lọ sí São Paulo, kí wọ́n tó wọ bàálù mìíràn lọ sí Salvador. Àwọn tó wà ní Yúróòpù lè gba Lisbon débẹ̀ tààrà.

Ilé ìgbé ló ń gbówó jù. Lásìkò kánífà, owó yàrá máa ń ga fíofío, ọ̀pọ̀ onílé kì í sì í gba ẹni tó fẹ́ sun ọjọ́ kan tàbí méjì. Ẹ má gbé ẹ̀gbà ọrùn tàbí aago olówó iyebíye lọ sí ìgboro. Ẹ so owó mọ́ inú aṣọ, ẹ fi fóònù tó dára sílé. Bàtà tó bo ẹsẹ̀ ni kí ẹ wọ̀. Èdè Potogí díẹ̀ wúlò púpọ̀, torí gẹ̀ẹ́sì kò gbilẹ̀ níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan fún àwọn obìnrin: àwọn ọkùnrin Gandhy kan máa ń fẹ́ fi ìlẹ̀kẹ̀ gba ìfẹnukonu. Bí ẹ kò bá fẹ́, ẹ sọ pé *não*, ẹ sì máa lọ. Ìpolongo pọ̀ nílùú báyìí pé *não* yẹn ti tó.

Ebi kò ní pa yín. Ní gbogbo ìkóríta ni àwọn obìnrin aláṣọ funfun ti ń dín àkàrà nínú epo pupa, wọ́n á là á, wọ́n á ki vatapá, edé àti ata sí i. Ní 2005 ni Bràsíl kọ iṣẹ́ àwọn alákàrà yìí sínú ìwé ogún orílẹ̀-èdè.

Ẹ wo Olodum ní Pelourinho ní alẹ́ Ẹtì, Ilê Aiyê ní Àbámẹ́ta, Gandhy ní Àìkú. Gbogbo èyí ni èèyàn lè wò láìsan kọ́bọ̀.

Èkó náà ní tirẹ̀

Àwọn tó wọ ọkọ̀ padà láti Báhíà kò dé lọ́wọ́ òfo. Wọ́n kọ́ ilé aláràbarà sí Pópó Àgùdà ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀mọ̀lé wọn, João Baptista da Costa, wà lára àwọn tó kọ́ mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894. Wọ́n tún mú eré wọn wá. Fàńtì tí wọ́n ń ṣe ní Èkó lásìkò Àjíǹde, Pópó Àgùdà, Láfíàjí àti Campos ló ń gbé e. Ní Àjàṣẹ́, àwọn ìdílé Àgùdà ṣì ń gbé eré Bouriyan jáde ní oṣù Ṣẹ́rẹ́.

Bàbá kan ní Campos, ọmọ Àgùdà, rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n bi í bóyá ó fẹ́ lọ sí Salvador. "Owó dà? Ṣùgbọ́n bí àwọn ọmọ bá lọ, kí wọ́n má kàn ya fọ́tò bọ̀. Kí wọ́n bi wọ́n léèrè bí wọ́n ṣe ń tọ́jú onílù wọn, torí tiwa náà ń tán lọ."

Ìbéèrè bàbá yìí ló tó owó bàálù. Ó ti pẹ́ tí Curuzu ti ń kọ́ ọmọ ní ìlù, tí wọ́n ń ran aṣọ fúnra wọn, tí wọ́n ní ilé-ẹ̀kọ́ tiwọn, láìdúró de olówó. Ẹni tó bá ń lọ lè ra abadá bó bá wù ú. Ṣùgbọ́n kó ra aṣọ Ilê Aiyê pẹ̀lú, kó jẹ àkàrà lọ́wọ́ ẹni tó dín in, kó sì bi adìkùnmú tó wà nítòsí rẹ̀ ní orúkọ. Owó àlejò wà lára ohun tó fa okùn náà le. Owó àlejò náà lè wà lára ohun tí yóò dẹ̀ ẹ́.